Ẹ Má Fi Gírámà Gẹ̀ẹ́sì Kọ́ Wa ní "Ó Ní" ti Èdè Híńdì

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan lórí ìwé ìròyìn yìí. Ojú ewé tí ẹ fi ń kọ́ èèyàn lédè àjèjì ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí tó bá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá fi dùn mí. Ẹni tó kọ ọ́ ní tí a bá fẹ́ fi Híńdì ròyìn ohun tí ẹlòmíì sọ, àfi ká yí hai (ti ohun tó ń lọ lọ́wọ́) padà sí tha (ti ohun tó ti kọjá), ká yí ọ̀rọ̀ tó ń wo iwájú padà kó máa wo ẹ̀yìn, kí gbogbo main (èmi) di vo (ó tàbí òun), kí kal (ọ̀la) sì di agle din (ọjọ́ kejì), láì ku ẹyọ kan. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí tíṣà Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wa nílé ìwé nìyẹn, wọ́n kàn gbé e wọ aṣọ Híńdì ni. Mo sì ń kọ lẹ́tà yìí torí ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ti kó bá mi rí, kì í ṣe nínú ìdánwò, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá mi ló ti kó bá mi.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn mo gbé màmá mi lọ sí Delhi, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lórúnkún. Kí a tó gbéra mo ti gba lẹ́sìn Híńdì fún oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ tíṣà kan tó ń fi gírámà Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé gbogbo nǹkan, mo sì rò pé mo ti gbọ́ díẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì tí a dé, nọ́ọ̀sì obìnrin kan wọlé wá bá wa, ó rọra sọ fún mi pé: Doctor sahab ne kaha hai ki main kal subah aaunga. Gbogbo wóòdù yẹn ni mo gbọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, dókítà ti sọ pé, èmi, lọ́la, àárọ̀, máa wá. Mo wá tò wọ́n pọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, pé "èmi" tó bá wà lẹ́yìn ki, ìyẹn "pé" tiwọn, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ló ni ín, torí tó bá jẹ́ dókítà ló ni ín, ṣebí ó yẹ kó ti di vo. Mo bá gbà pé nọ́ọ̀sì ni dókítà ní kó wá láàárọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ní tó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì ló kàn ń bọ̀ kò ní nílò mi, mo jáde lọ ṣẹ́ owó. Àṣé dókítà fúnra ẹ̀ ló ń bọ̀. Ó dé, ó fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ náà kí n sì fọwọ́ síwèé, kò bá mi, màmá mi ò gbọ́ Híńdì, Gẹ̀ẹ́sì náà ò fi bẹ́ẹ̀ já gaara lẹ́nu wọn, ó dúró díẹ̀ ó bá tiẹ̀ lọ. Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ yẹn síwájú fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́rin tí màmá mi fi jókòó síbẹ̀ tí orúnkún ń ro wọ́n, torí wóòdù kan ṣoṣo tí mi ò mọ ẹni tó ni ín.

Ẹ wò ó, ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn sọ ò lábùkù kankan. Bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá ti sọ ki tán, wọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ onítọ̀hún kalẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀, pẹ̀lú "èmi" tiẹ̀, láì fi àmì kankan sí i lọ́tùn-ún lósì. Usne kaha ki main bimar hoon. Tí ẹ bá tẹ̀ lé e ní wóòdù sí wóòdù, ó di "ó sọ pé mo ń ṣàìsàn", ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ẹni tó gbọ́ Híńdì máa gbọ́ nínú ẹ̀ ni "ó ní òun ń ṣàìsàn". Wọ́n sì tún lè sọ ọ́ báyìí: usne kaha ki vo bimar hai. Méjèèjì ló dáa. Èyí tó ní vo yìí wá ní wàhálà tiẹ̀, torí vo lè jẹ́ ẹni tó sọ̀rọ̀, ó sì lè jẹ́ ẹlòmíì tó wà lọ́nà jíjìn, ẹni tó ń gbọ́ ló máa fi ohun tí wọ́n ti ń bá bọ̀ mọ̀ ọ́n. Mo máa ń rò ó pé bóyá ìdí nìyẹn tí main fi wù wọ́n láti lò.

Ibí yìí gan-an ló yẹ kí ẹni tó kọ ojú ewé yẹn ti rántí èdè ìyá ẹ̀. Àwa Yorùbá ní nǹkan kan tí Gẹ̀ẹ́sì ò ní, tí Híńdì náà ò ní, òun ni "òun". Tí mo bá ní "Olú ní òun ń bọ̀", Olú ló ń bọ̀. Tí mo bá ní "Olú ní ó ń bọ̀", ẹlòmíì ló ń bọ̀ yẹn. Ọmọ ọdún márùn-ún ò ní ṣi èyí gbọ́. Nínú Gẹ̀ẹ́sì "he" kan náà ni, nínú Híńdì vo kan náà ni. Torí náà tí ẹ bá fẹ́ kọ́ Yorùbá ní Híńdì, ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́ ọ láti máa bi ara ẹ̀ ni pé: main tí mo gbọ́ lẹ́yìn ki yìí, ṣé "mo" ni àbí "òun" ni? Ká ní ẹnì kan ti bi mí ní ìbéèrè yìí kí n tó wọkọ̀ òfúrufú, mi ò bá má jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Nǹkan míì tún wà níbẹ̀ tó ṣì máa ń dùn mí tí mo bá rántí, torí ìdáhùn wà nínú ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn, wọ́n ò kàn kọ́ mi láti gbọ́ ọ ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe Híńdì máa ń fi hàn bóyá ọkùnrin ló ni ín àbí obìnrin. Ọkùnrin tó bá fẹ́ sọ pé òun máa wá, aaunga ló máa sọ. Obìnrin, aaungi. Nọ́ọ̀sì yẹn obìnrin ni, tó bá jẹ́ pé òun ló ń bọ̀, aaungi ló máa ti ẹnu ẹ̀ jáde. Aaunga ló sọ. Ohùn ọkùnrin ló wà lẹ́nu obìnrin yẹn, ohùn dókítà. Ègé kékeré tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tí "òun" ń bá wa ṣe. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló lè ṣe é o, tí ẹni tó ń ròyìn àti ẹni tí wọ́n ń ròyìn ẹ̀ bá jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, àfi kéèyàn padà sídìí ọ̀rọ̀. Yorùbá ò ya akọ yàtọ̀ sí abo nínú ọ̀rọ̀-ìṣe, etí wa ò sì dúró dè é, ìyẹn ló yẹ kí ojú ewé yín fi odidi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ wa.

Ká wá bọ́ sórí hai tí wọ́n ní ká yí sí tha. Mo bẹ yín, tí ẹnì kan bá sọ fún yín lánàá pé "ebi ń pa mí", báwo lẹ ṣe máa ròyìn ẹ̀ lónìí? "Ó ní ebi ń pa òun." Ṣé "ń pa" yẹn yí padà? Kò yí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Híńdì. Àsìkò tí onítọ̀hún fi sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń fi í sí. Usne kaha ki vo bimar hai, nígbà tó ń sọ̀rọ̀, àìsàn ń ṣe é lọ́wọ́. Tí ẹ bá wá lọ yí i sí usne kaha ki vo bimar tha, bí ojú ewé yín ṣe ní ká ṣe é, ẹ ti yí ìtumọ̀ padà nìyẹn, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé ó ní òun ti ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, kí ọjọ́ yẹn tó dé, bóyá ara ẹ̀ ti yá. Ẹ ronú ẹni tó ń ṣàlàyé ara aláìsàn fún dókítà. "Ó ní àyà ń dun òun" àti "ó ní àyà dun òun nígbà kan", ọ̀nà méjèèjì jìn síra wọn gan-an. Ọ̀rọ̀ tó ń wo iwájú náà, bó ṣe wà ló máa wà, usne kaha ki vo aayega, ó ní òun máa wá, ì báà jẹ́ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ló sọ ọ́. Àwa náà kì í yí "máa" padà.

Ti kal, mo gbà pé ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ ọ́ kù díẹ̀ kó tọ̀nà. Tí ọjọ́ bá ti gun orí ọjọ́, tí "ọ̀la" tí onítọ̀hún ń sọ ti kọjá lọ, àwọn ará ibẹ̀ náà máa ń sọ agle din, ìyẹn ọjọ́ kejì ẹ̀, bí àwa náà ṣe ń ní "ó ní òun máa wá lọ́jọ́ kejì". Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin kan-ń-pá. Ẹni tó kọ́ wa ní kal láì sọ fún wa pé kal kan náà ni àná, òun náà ni ọ̀la, tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń jẹ́ kéèyàn mọ èyí tí wọ́n ń wí, kò tíì kọ́ wa ní kal. Kal aaya tha, àná nìyẹn. Kal aayega, ọ̀la nìyẹn. Ẹ wá fojú inú wò ó tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà sí àtẹ̀yìnwá lórí òfin Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀la ti di àná mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ìbéèrè. Tíṣà mi ìgbà yẹn fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ wa bí a ó ṣe máa yí ìbéèrè padà, nígbà tó yá orí mi dàrú. Nígbà tí mo dé ọ̀hún ni mo rí i pé kò sí nǹkankan tó ń yí. Kya tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, "ṣé" wa ni. Usne mujhse pucha ki kya main chai piyunga: ó bi mí pé ṣé mo máa mu tíì. Ki ni "pé", kya ni "ṣé", wọ́n dúró tira wọn bí "pé ṣé" ṣe ń dúró tira wọn lẹ́nu wa lójoojúmọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń ju ìbéèrè yẹn nù tó máa wá lọ wá "if" tì í. Agar tí wọ́n ń pè ní "if" nínú ìwé atúmọ̀, "tí" ti "tí òjò bá rọ̀" ni, kò níṣẹ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "níbo" àti "kí ni" àti "ta ni", bí wọ́n ṣe wà nínú ìbéèrè náà ni wọ́n ń gbé wọn lẹ́yìn ki, usne pucha ki tum kahan rehte ho, ó béèrè pé níbo ni mò ń gbé.

Ó tún ku àṣẹ. Tí wọ́n bá ní kéèyàn ṣe nǹkan, Híńdì lè sọ pé usne mujhse kaha ki main yahan baithun. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Baithun yìí kì í ṣe "mo jókòó", kì í sì í ṣe "mo máa jókòó", ó jẹ́ irú ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ń lò fún ohun tí a fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Yorùbá ẹ̀ ni "ó ní kí n jókòó síbí". Ki tiwọn, kí tiwa! Mo mọ̀ pé àwọn méjèèjì ò bára wọn tan, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, ti àwọn ará Íńdíà wá láti inú èdè Páṣíà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo ṣàkíyèsí ẹ̀ mi ò tún gbàgbé mọ́ láéláé. Wọ́n tún máa ń gé e kúrú, usne mujhse baithne ko kaha, òun náà dáa.

Ki yìí náà, ẹ kìlọ̀ fún àwọn òǹkàwé wa nípa ẹ̀. Nínú ìwé Dẹfanágárì tí wọ́n fi ń kọ Híńdì, कि kúkúrú ni "pé", की tí wọ́n fa ohùn ẹ̀ ni "ti", bíi ká ní ọmọ ti ìyá yìí. Tí a bá fi álífábẹ́ẹ̀tì ABD tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, méjèèjì ló ń di ki, ọ̀pọ̀ ọmọ bíbí ibẹ̀ pàápàá ló ń ṣì í kọ. Àwa tí àmì ohùn kan ń yí ọkọ́ padà sí ọkọ̀, kò yẹ kó ṣòro fún wa.

Lórí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, se ni wọ́n ń lò pẹ̀lú kahna (sọ) àti puchna (béèrè), ko ni wọ́n ń lò pẹ̀lú batana (sọ fún), mujhe àti mujh ko sì rèé, ìkan náà ni. Usne mujhse pucha, usne mujhe bataya. Se yẹn, "láti ọ̀dọ̀" ni wọ́n máa túmọ̀ ẹ̀ sí, àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ sì máa ń ṣe hà pé kí ló dé tí ìbéèrè fi ń wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n bi. Ṣebí àwa náà ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ èèyàn? Kí ló wá jẹ́ ìyanu níbẹ̀. Ohun tó le fún èmi ni ne, ègé tó wà nínú usne, tí wọ́n ń fi sẹ́yìn ẹni tó ṣe nǹkan nínú ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá. Usne kaha, ṣùgbọ́n vo bola, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "ó sọ" ni méjèèjì, bolna kì í sábà gba ne. Sita ne kaha, Sita boli. Kò sí bí Yorùbá ṣe lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, àkọ́sórí ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ kún un, torí ojú ewé yín ò mẹ́nu kàn án rárá, ó sì ṣe pàtàkì fún àwa tí a kì í pe àgbà ní "ó". Híńdì náà máa ń fi ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan. Pitaji ne kaha ki vo kal aayenge, bàbá ní àwọn máa wá lọ́la. Aayenge yẹn ti ọ̀pọ̀ èèyàn ni, "àwọn" wa gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ bàbá náà ni wọ́n gbé kalẹ̀ gbọnrangandan, á di Pitaji ne kaha ki main kal aaunga, ẹyọ kan, torí bàbá ò ní pe ara ẹ̀ ní ọ̀pọ̀. Àkọ́kọ́, ọ̀wọ̀ tèmi tí mò ń ròyìn ló wà níbẹ̀. Ìkejì, ohùn bàbá ni. Ká ní nọ́ọ̀sì yẹn ti sọ pé vo kal subah aayenge ni, mi ò bá ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀gá ló ń bọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé báyìí ló ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Sáńsíkíríìtì àtijọ́, èdè tí Híńdì ti ṣẹ̀ wá, máa ń sọ ọ̀rọ̀ onítọ̀hún tán kó tó fi iti dé e lẹ́yìn, pé bẹ́ẹ̀ ló wí. Ki tó wọlé láti Páṣíà ló jẹ́ kí àmì yẹn wà níwájú ọ̀rọ̀. Síbẹ̀ ní apá gúúsù, lágbègbè Hyderabad, àwọn tó ń sọ Dákíńì, ìbátan Híńdì tó wà lọ́hùn-ún, ṣì ń fi bolke sẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń ròyìn, torí èdè Télúgù tí wọ́n jọ ń gbé, ẹ̀yìn náà ló ń fi ani tiẹ̀ sí. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo mọ èyí, pé aládùúgbò ló kọ́ wọn láti dá a padà sẹ́yìn.

Mo mọ ibi tí àṣà fífi ojú Òyìnbó wo èdè yìí ti wá. Ní 1800 ni wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fort William sílẹ̀ ní Kàlìkátà láti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ East India Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ní èdè ilẹ̀ náà, John Gilchrist ló wà nídìí Hindustani, bí wọ́n ṣe ń pe èdè yìí nígbà náà, Òyìnbó ni wọ́n ń kọ́. Ó yẹ bẹ́ẹ̀ fún wọn, èdè tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Kí ló wá kan àwa? Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án 1949 ni ìgbìmọ̀ tó kọ òfin Íńdíà ti fọwọ́ sí i pé Híńdì ni èdè iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, nínú ìkànìyàn 2011 àwọn tó ní òun ni èdè abínibí àwọn lé ní mílíọ̀nù 528. Ọ̀rọ̀ ẹnu irú èrò báyìí tó èyí tí a ń lọ kọ́ ní tààrà, láti ẹnu wọn sí etí wa, láì gba ilé ẹlòmíì kọjá.

Ẹ̀yin oníròyìn pàápàá máa jẹ̀gbádùn ẹ̀. Ìwé ìròyìn wọn kún fún Police ka kahna hai ki, ohun tí ọlọ́pàá ń wí ni pé. Tí wọn ò bá fẹ́ dárúkọ ẹni tó sọ ọ́, kehte hain ki, "wọ́n ní". Suna hai ki, "a gbọ́ pé". Bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ ò tíì dá yín lójú.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ojú ewé yẹn tẹ̀. Níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé "ó ní òun ń lọ sọ́jà" ni usne kaha ki vo bazaar ja raha tha, ẹ yọ tha yẹn, ẹ fi hai sí i: usne kaha ki vo bazaar ja raha hai. Níbi tí wọ́n ti ní main ò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn ki, ẹ pa gbogbo ìlà yẹn rẹ́. Kí ẹ sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé aláìsàn lọ sọ́hùn-ún pé tí nọ́ọ̀sì bá wọlé tó ní dókítà ní main kal aaunga, kó dúró ti ìyá ẹ̀, dókítà ló ń bọ̀.

Èmi ni, òǹkàwé yín.